Ọ̀wẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Àṣìṣe

Orin ni Mákánjúọlá kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ẹnikẹ́ni. Ó ń tẹ̀ lé Tímótì bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀bá odò Ọ̀tìn wọ oko wọn ní ìgbèríko Èkó-Èǹdé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún nítorí ẹrẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló ń kọrin lóko rẹ, Díákónì?" Tímótì bi í.

"Èmi ni kí n bi ọ́. Ìwọ ni etí rẹ ṣì ń gbọ́ràn dáadáa."

Láti Ìkìrun ni wọ́n ti ń bọ̀. Mákánjúọlá ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì fún ìpàdé àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi agbègbè náà. Tímótì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn pààlà, lọ bá a níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, nítorí ìjọba ti ránṣẹ́ pe gbogbo àgbẹ̀ tí omi ba oko wọn jẹ́. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó wá láti Òṣogbo ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ fún wọn ní owó ìrànwọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ojú òun gbọ́dọ̀ rí ohun tí omi ṣe, fóònù òun sì gbọ́dọ̀ yà á ní fọ́tò. Kí olúkúlùkù fi oko rẹ̀ sílẹ̀ bí omi ṣe fi í sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni òun máa wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà tu Mákánjúọlá lára. Kò sí ohun tí omi ò ṣe tán lóko rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn onígàrí Ìnísà ti wá wò, tí wọ́n ti ń dúnàádúrà lé lórí, ti jẹrà sábẹ́ ẹrẹ̀. Àgbàdo dùbúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù. Olúwọlé, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn, ti pè é lórí fóònù ní ọjọ́ kejì ìkún omi náà. "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Yàrá kan ń bẹ lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yin àti Màmá, ẹ kó wá, kí ẹ wá sinmi."

Mákánjúọlá mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ó mọ àwọn àgbà tí wọ́n lọ sinmi lẹ́yìn ilé ọmọ, tó jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń ta káàdì sọ̀rọ̀, tí ìyàwó ọmọ ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn. Síbẹ̀, ó ṣe ìlérí kan fún un. Ó ní bí ìjọba ò bá ran òun lọ́wọ́ láti tún ra igi ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀, òun á wá. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́. Owó ìrànwọ́ yìí ló kù tó lè dá a dúró sílé ara rẹ̀.

Wọ́n yí ìdí igi irú kọjá, oko náà sì hàn.

Ó mọ́ tónítóní. Gbogbo ẹ̀gẹ́ tó jẹrà àti gbogbo pòròpórò àgbàdo tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n ti wọ́ dànù sínú odò. Wọ́n ti kọ ebè láti ojú ọ̀nà dé etí omi, ebè náà sì gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Àwọn géńdé bíi méjìlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ bo irúgbìn àgbàdo, àwọn tó kù ń kọrin. Ẹni tó ń dá orin fún wọn so aṣọ ìnura mọ́rí. Bó ṣe rí àwọn àgbà méjì náà, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀ sà! Ẹ kú ewu omi!"

Adéìfẹ́ ni, ọmọ Òkukù tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù, tó fẹ́ fi Jemima ọmọ Mákánjúọlá ṣaya.

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má ì sọ̀rọ̀," ó ní, ó ti dìde, àyà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. "Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí wa wá mọ ara wọn? Ẹ ní búrẹ́dì àti mínírà ni àwa ọmọ ìsinsìnyí fi ń gbé ìyàwó. Ẹ ní ọwọ́ tó ń gé alumíníọ́ọ̀mù, ṣé ó mọ ọkọ́ ni? Bàbá, ẹ wo ọwọ́ náà!"

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó ti lé ròrò, ibi kan ti bó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Láná ló ti ń sunkún, Bàbá," ọ̀kan nínú wọn ké láti òkè ebè. "Ó ní ṣé Jemima nìkan lọmọbìnrin tó wà láyé ni!"

"Irọ́ lò ń pa, Olúwadàmọ́lá! Ìwọ tí o sùn sábẹ́ igi!"

Mákánjúọlá rántí. Ẹ̀fẹ̀ ló fi í ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì ń fọ́nnu pé nígbà tí òun fẹ́ Felicia, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kó ẹgbẹ́ òun lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá rẹ̀, pé ilẹ̀ mọ́ bá àwọn lẹ́nu iṣẹ́ kí àna tó jí. Ó ti pẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti dópin. Àgbàṣe ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ẹni bá lówó, á pe àwọn alágbàṣe, wọ́n á ṣe é, wọ́n á gbowó wọn lọ. Kò rò ó rí pé ọmọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ náà relé.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," Tímótì bẹ̀rẹ̀, "ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ti—"

Mákánjúọlá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Tímótì wò ó, ó pa ẹnu dé.

Kò sí ẹni tó ń wá àléébù ọ̀wẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ ro iṣu rẹ mọ́ koríko, ìwọ á kí wọn, wàá fún wọn lóúnjẹ, wàá sì sìn wọ́n sọ́nà. Ohun tí wọ́n fi tọ́ Mákánjúọlá nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àárẹ̀. Ẹ̀yin náà á rí ẹni ṣe é fún yín. Ilé yín ò ní tú."

"Àmín o!"

Felicia yọ láti ojú ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ iyán lórí, obìnrin méjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọbẹ̀. Kò tíì sọ abọ́ kalẹ̀ tó fi ń jó. "Bàbá Olúwọlé, mi ò sọ fún yín o! Ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni wọ́n ti wá bẹ̀ mí pé kí n pa á mọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù, tí òun àti Felicia ń rìn lọ sílé, ni Mákánjúọlá tó sọ ohun tí ìjọba wí fún un. Felicia jókòó sórí kùkùté igi lójú ọ̀nà.

"Yéè! Èmi ni mo pa yín."

"Ìwọ kọ́. Òní ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Dìde, ìkùukùu ń wọ́lẹ̀."

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́."

---

Motọ́láyọ̀ ni orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba náà. Kò lè dàgbà ju Jemima lọ, bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé ló wọ̀ wá, ó sì ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà bí ó ṣe ń ti oko kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Mákánjúọlá, àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́wàá ti ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó ń wòran.

"Bàbá, oko yín dà, sà?"

"Òun lẹ dúró lé lórí yìí."

Ó wo ebè, ó wo fóònù rẹ̀, ó tún wo ebè. "Bàbá mi, èyí tí omi bà jẹ́ ni mò ń bèèrè."

Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Tímótì bọ́ síwájú. "Òun náà ni, ọmọ mi. Ibi tí ẹ ti ya tèmi nìyẹn, ẹ sì rí bó ṣe rí. Ṣé omi á kó tèmi lọ, á wá fo tirẹ̀ dá nítorí pé ó jẹ́ díákónì ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Èmi gbọ́, ṣùgbọ́n fóònù yìí ò gbọ́. Bí mo bá ya irú oko yìí ránṣẹ́, àwọn ọ̀gá mi á ní mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Oko yìí dáa ju èyí tí omi ò dé lọ!"

Ó sún sẹ́yìn kí àwọn àgbà lè gbìmọ̀. Tímótì fa Mákánjúọlá lápá lọ sí ìdí igi irú.

"Gbọ́. Ilẹ̀ Ọláfimíhàn ló wà lápá òsì yẹn. Ọláfimíhàn ti lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò bèèrè ilẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ìwọ lo gbin ẹ̀gẹ́ sí i lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ dé orúnkún. Lọ dúró síbẹ̀, kó yà ọ́, kó tán."

"Kì í ṣe oko mi."

"Omi ba tìrẹ jẹ́, àbí kò bà á jẹ́?"

"Ó bà á jẹ́."

"Wọ́n fẹ́ fún ẹni tí omi ba oko rẹ̀ jẹ́ lówó, àbí wọn ò fẹ́?"

"Wọ́n fẹ́."

"Kí wá ni irọ́ níbẹ̀? Apá ọ̀tún ló wà, a ní apá òsì ni. Ọlọ́run pàápàá ò ní fi ìyẹn pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́!"

Mákánjúọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í jẹ díákónì, òun ló ń pín owó ọrẹ, òun ni wọ́n ń pè sí àárín àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn láyé kò pọ̀. Pé ọ̀rọ̀ òun kì í yí ni èyí tó tóbi jù nínú wọn. "Mi ò ní dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí n pa irọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. Ó padà lọ bá Motọ́láyọ̀. "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

Motọ́láyọ̀ yẹ fóònù rẹ̀ wò. "Ó wà, sà. Ta ló ro oko náà?"

"Àna mi ni."

"Kó wá. Kó sọ ọ́ síwájú fóònù fúnra rẹ̀ pé òun ló ro ó lẹ́yìn ìkún omi, kó sọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá fi ìyẹn kún ẹ̀rí àwọn aládùúgbò yín, mo lè gbé e wọlé."

Felicia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò tí kò yọ fóònù jáde. "Ẹ ní kó má gbọ́," ó rọra sọ.

"Ṣé kí á wá kó lọ sí Ìbàdàn ni?"

Mákánjúọlá yọ fóònù. Ó pe nọ́ńbà náà. Nítorí àwọn ènìyàn tó yí i ká, ọ̀rọ̀ tó sọ kò gùn: "Adéìfẹ́, àwọn ìjọba wà lóko mi. Wọ́n fẹ́ rí ọ. Tètè máa bọ̀."

Ó tètè dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ojú ti Mákánjúọlá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ti wẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó lọ dáadáa, ó dé fìlà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ ya òun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ òun.

"Ẹ ǹlẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́ ìlú!" Ó ń kí wọn kiri. "Èmi ni mo ṣe ọ̀wẹ̀ náà, mà. Ibo ni kí n dúró sí?"

Motọ́láyọ̀ wo Mákánjúọlá, ó retí pé bàbá náà ni yóò ṣàlàyé. Nígbà tí Mákánjúọlá kò la ẹnu, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fara balẹ̀ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tìyìn-tìyìn: pé iṣẹ́ ńlá ni, pé òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń kiri oko, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ náà ti nu ẹ̀rí nù. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, Adéìfẹ́ ń mi orí, ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí omi lórí àpáta.

"Nítorí mi ni wọn ò fi ní fún Bàbá lówó?"

"Wọ́n á fún wọn, bí ẹ bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kàn sọ pé àṣìṣe ni. Bí ẹ bá ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọ̀gá mi á ní wọ́n ti rí ìrànwọ́ gbà nìyẹn, wọn ò nílò ti ìjọba."

"Àṣìṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé kò rí ibi jókòó sí lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Mákánjúọlá. Bí àgbàlagbà náà bá ní nígbà náà pé, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi, ó tó," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Odò ni Mákánjúọlá ń wò. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òtítọ́ ni, pé ọmọ náà ò mọ̀ kó tó ro ó, pé ohun tí ènìyàn ṣe láìmọ̀, kí ni wọ́n ń pè é bí kò ṣe àṣìṣe?

Adéìfẹ́ ṣí fìlà. "Orúkọ mi ni Adéìfẹ́ Ọlánípẹ̀kun. Ọmọ Òkukù ni mí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la ro oko yìí lẹ́yìn tí omi ti bà á jẹ́. Àṣìṣe ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ gbé ti ìparí lọ. Ẹ gbóhùn sókè."

"Àṣìṣe ni!"

"Àna rere!" ẹnì kan ké lẹ́yìn wọn. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni, àgbẹ̀ Ìgbàyè kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ó wá ro oko àna, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ro owó mọ́ koríko! Ẹ bá mi bi í bóyá ó lè wá bá mi ro ti gbèsè mi!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Àwọn tí omi ti ba oko wọn jẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Adéìfẹ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́ kan láàárín wọn ti ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Wá jẹun kí o tó lọ," Felicia bẹ̀ ẹ́.

"Oníbàárà ń dúró dè mí, Màmá. Ẹ ṣeun." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mákánjúọlá. Ó gbọn eruku kúrò lára ẹ̀wù funfun náà, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

---

Owó náà wọlé. Alẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù Mákánjúọlá ní ọjọ́ kan náà tó dún lórí ti Tímótì, wọ́n sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ra ajílẹ̀, ó sì san owó igi ẹ̀gẹ́ dídára sílẹ̀ ní Ìnísà, tí wọ́n máa gé fún un nígbà tí àgbàdo bá kúrò nílẹ̀. Olúwọlé pè láti Ìbàdàn. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ ti borí mi. Ẹ dúró síbẹ̀." Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì dùn, bí inú ẹni tó jẹun yó tí iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀.

Adéìfẹ́ ṣì ń wá. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dé, inú ilé ìdáná ló ń gbà lọ, á ṣí ìkòkò, á máa bi Felicia pé ta ló jẹ ẹran òun. Ní báyìí, àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Á béèrè àlàáfíà, á dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, á ní, "Mo dúpẹ́, sà," á sì lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣe ohun kan tí kò dáa.

Nígbà tí Jemima wálé láti Ìnísà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, bàbá rẹ̀ jókòó tì í níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Jemima, kí ló ń ṣe ọkọ rẹ?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Wọ́n ń pè é ní Àṣìṣe."

"Ta ni?"

"Gbogbo ayé. Fídíò yẹn ti dé orí fóònù gbogbo ọmọ Òkukù. Ẹni tó bá wá gbé iṣẹ́ fún un, á ní, 'Àṣìṣe, jọ̀ọ́, má gé gíláàsì mi ní àṣìṣe o.' Àwọn ọ̀rẹ́ tó kó lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní kí ó má pe àwọn mọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo ọjà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òun ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Wọn ò sọ ọ́ mọ́."

"Màá lọ bá a. Màá bẹ̀ ẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ sọ? Òun fúnra rẹ̀ ní ẹ ò ṣẹ òun. Ó ní òtítọ́ lẹ sọ."

"Òtítọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀, Bàbá." Ó ju òkúta kékeré kan síta. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ṣùgbọ́n ẹ ì bá ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí i fún. Ẹ ì bá má jẹ́ kó dé fìlà wá."

Mákánjúọlá jókòó síbẹ̀ títí ó fi ṣa ẹ̀wà náà tán, tó gbé e wọlé. Ó ń rò ó pé bí òun bá ti lọ dúró lórí ilẹ̀ Ọláfimíhàn lọ́jọ́ náà, irọ́ náà ì bá ti kú sáàárín òun àti Ọlọ́run, Ọlọ́run ì bá sì ti mọ bí yóò ṣe bá òun wí. Ọrùn òun ni òun ò fẹ́ kí irọ́ wà. Ọrùn ọmọ ọlọ́mọ ni òun gbé òtítọ́ náà kọ́.

---

Àgbàdo ọ̀wẹ̀ náà ṣe dáadáa. Ẹrẹ̀ tí odò gbé wá sọ ilẹ̀ dọ̀tun, ọmọ àgbàdo sì gùn bí apá ọmọdé. Ní àtijọ́, bí irúgbìn ọ̀wẹ̀ bá gbó, àwọn ọlọ́wẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ nínú rẹ̀. Àna á pè wọ́n, wọ́n á yá iná sáàárín oko, wọ́n á sun ún jẹ kí wọ́n tó bá a kórè. Mákánjúọlá pe Adéìfẹ́.

"Àgbàdo wa ti gbó o. Ìgbà wo lẹ máa wá, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ?"

"Ẹ kú oríire, sà." Ohùn náà tẹríba, ó sì jìnnà. "Iṣẹ́ kan ló há mi mọ́ Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu. Màá fi àwọn alágbàṣe ránṣẹ́. Màá san owó wọn."

"Kì í ṣe pé mi ò lè sanwó alágbàṣe, Adéìfẹ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Mẹ́rin ni àwọn alágbàṣe náà, wọ́n sì mọṣẹ́. Felicia ti gún iyán dè wọ́n láìsí ẹni tó ní kó gún un. Olórí wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀gá àwọn ti fi owó oúnjẹ kún owó iṣẹ́, búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ àwọn. Wọn kò kọrin. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti kórè tán, wọ́n ti gé pòròpórò nílẹ̀, wọ́n ti kó àpò àgbàdo wálé. Wọ́n já ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá Mákánjúọlá gbé wá láti Ìnísà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n ní ọ̀la ni àwọn máa padà wá gbìn ín, pé ọ̀gá ti san ti ìyẹn náà.

Fóònù dún bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa? Bí ó bá ku ibì kankan, ẹ sọ fún mi, màá pè wọ́n padà."

Mákánjúọlá wo àwọn àpò tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí láti sọ pé wọ́n ṣe é tán, pé Ọlọ́run á bù kún un.

"Ó ku apá kan," ó ní.

"Apá ibo, sà?"

"Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò. Wọn ò dé ibẹ̀."

"Màá ní kí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́la."

"Rárá. Ibẹ̀ ò ṣe é fi rán alágbàṣe." Ó yí ojú kúrò lára àwọn àpò náà. "Ìwọ ló yẹ kó wò ó. Èmi náà á wà níbẹ̀. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni mìíràn."

 Irin tí ẹnì kan ń gé lẹ́yìn Adéìfẹ́ ń dún.

"Màá gbìyànjú lọ́jọ́ Sátidé, sà. Bí iṣẹ́ ò bá pọ̀."

"Bí iṣẹ́ ò bá pọ̀," Mákánjúọlá ní. "Mo gbọ́."

Felicia ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ iyán tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. "Apá wo ló kù? Ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe kórè tán pátá?"

"Ó kù."

"Díákónì!"

"Pe àwọn alágbàṣe yẹn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá lọ́la. A ò ní gbin ẹ̀gẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí Adéìfẹ́ tó dé."

Felicia wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Tí kò bá wá ní Sátidé ńkọ́? Igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti gé ò ní pẹ́ gbẹ."

"A máa gbé e sábẹ́ òjìji. Màá máa wọ́n omi sí i láràárọ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

Mákánjúọlá ti gbé garawa. Ó ti ń lọ sídìí kànga.